Ajá Tó Dúró Jẹ́ẹ́

Dókítà ẹranko kan wo ẹ̀dọ̀ ajá Bàbá Télọ̀, ó ní jẹjẹrẹ ni, wọ́n fi abẹ́rẹ́ pa ajá náà, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe jẹjẹrẹ.

Láńlọ́ọ̀dù ni Bàbá ń pe ajá yìí, torí ẹnu ọ̀nà ló máa ń sùn sí, ẹni tó bá fẹ́ wọlé á kọ́kọ́ tọrọ àyè. Láti ìgbà tí ìyàwó Bàbá ti kú, tí ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí sì ti lọ sí òkèèrè, kò sí ẹlòmíràn tó ń mí nínú ilé náà. Bí Bàbá bá jí, á kí i. Bó bá ń po tíì, á ròyìn bóun ṣe sùn fún un. Bó bá jókòó ti máṣíìnì, á máa bá a jiyàn lórí aṣọ tó ń rán.

Nígbà tí ajá náà ò jẹun mọ́, tó ń bì, Bàbá mú un lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko. Dókítà fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀, ó rí kókó kan lára ẹ̀dọ̀, nítòsí awọ ikùn. Ẹ̀rọ nìkan ò lè sọ irú kókó tó jẹ́.

"Ẹ jẹ́ kí n fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ níbẹ̀."

"Rárá o," ni Bàbá wí. "Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó mi nìyẹn. Ẹ wá ọ̀nà mìíràn."

Ọ̀nà mìíràn wà. Oògùn kan ni, inú ìgò kékeré ló máa ń wà. Wọ́n á mì í, á hó, ìfófòó rẹ̀ sì kéré débi pé ó lè bá ẹ̀jẹ̀ rìn. Wọ́n á fà á sínú iṣan ẹsẹ̀ ajá. Bó bá dé ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ á mọ́lẹ̀ lójú ẹ̀rọ. Ibi tó dára á mọ́lẹ̀ pẹ́. Jẹjẹrẹ á tètè ṣókùnkùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ máa ń fọ́ ìfófòó yìí. Tí èèyàn bá tẹ ọwọ́ ẹ̀rọ, ibi tí wọ́n fi ń kan ara ajá, mọ́ ojú kan, tí kò gbé e kúrò kí ẹ̀jẹ̀ mìíràn lè wọlé, ibẹ̀ á ṣókùnkùn, kódà bí kò bá ní àrùn kankan.

Dókítà mọ èyí. Àmọ́ ajá tó ń jà ló mọ́ ọn lára. Ajá á ta, ọwọ́ Dókítà á yẹ̀, ìfófòó mìíràn á ráyè wọlé. Kò tíì sí ìdí tó fi ní láti rán ara rẹ̀ létí pé kó gbé ọwọ́ kúrò.

"Bàbá, ẹ bá wa dì í mú dáadáa," ni nọ́ọ̀sì wí. "Mi ò fẹ́ kó gé mi jẹ, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe èékánná ni."

"Kò nílò dídìmú. Ẹ jẹ́ kí n bá a sọ̀rọ̀."

Bàbá gbé ẹnu sí etí ajá. "Láńlọ́ọ̀dù, má mira o. Àwa ayálégbé ló fẹ́ wo ilé rẹ. Dúró jẹ́ẹ́. Mo wà níbí."

Ajá náà ò mira. Inú Dókítà dùn, torí kò rí àwòrán tó mọ́ tó báyìí rí. Ó tẹ ọwọ́ ẹ̀rọ mọ́ orí kókó náà, kò sì gbé e kúrò títí ibẹ̀ fi ṣókùnkùn.

"Bàbá, jẹjẹrẹ ni," ló wí. "Ìrora ló kù níwájú rẹ̀."

Bàbá béèrè pé, "Tó bá jẹ́ tiyín ńkọ́?"

"Mi ò ní jẹ́ kó jìyà."

Bàbá gbà kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, ó gbé ọwọ́ lé ajá náà lórí títí ó fi kú. Dókítà tọrọ ẹ̀dọ̀ náà kí wọ́n lè mọ irú jẹjẹrẹ tó jẹ́, Bàbá ní kó mú un.

Èsì dé láti ilé àyẹ̀wò. Kókó lásán ni, irú tó máa ń yọ lára ẹ̀dọ̀ ajá tó ti dàgbà, tí kì í pa á. Èébì yẹn, oògùn ì bá wò ó sàn. Dókítà tún fídíò náà wò. Ní ìparí, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, etí kókó náà tí ọwọ́ ẹ̀rọ kò tíì tẹ̀ ṣì ń mọ́lẹ̀ yòò.

Ó lọ sílé Bàbá. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ibì kankan pamọ́.

"Àwọn ajá yòókù máa ń ta, ọwọ́ mi á yẹ̀. Tiyín dúró jẹ́ẹ́ jù, èmi náà ò sì gbé ọwọ́ kúrò. Àṣìṣe tèmi ni, Bàbá."

"Èmi ni mo ní kó dúró."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀."

"Ó gbọ́ tèmi." Bàbá dìde, ó ṣílẹ̀kùn fún un.

Nígbà tó yá, ọmọ rẹ̀ pè láti òkèèrè.

"Bàbá, ṣé òtútù mú yín ni? Ohùn yín há."

"Ara mi le."

"Kí ló wá ṣe ohùn yín?"

Bàbá wúkọ́ díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó lè jáde. "Mi ò tíì lò ó láti ìgbà tí o pè kẹ́yìn."