Lẹ́tà Tó Pa Wọ́dà Lẹ́rìn-ín

Bó bá jẹ́ pé irọ́ ni wọ́n fi ń kọ́lé ni, Ẹlẹ́fẹ̀ ì bá ti kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà ogójì, òrùlé rẹ̀ á sì máa họ òṣùpá nímú. Akunlé ni, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọmọ ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́jọ rèé tí ẹ̀gbọ́n ti wà lẹ́wọ̀n, lẹ́tà ló kù láàárín wọn. Ẹlẹ́fẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń gbé e lọ ní gbogbo Ọjọ́bọ̀.

Lẹ́tà kì í wọlé níbẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́dà ẹnu géètì kà á, kó sì lu òǹtẹ̀. Ọkùnrin tí ikùn rẹ̀ máa ń fi wákàtí kan ṣáájú rẹ̀ dé ibi iṣẹ́ ni. Kò sì sí lẹ́tà tó ń dùn mọ́ ọn bíi ti Ẹlẹ́fẹ̀. Lọ́sẹ̀ kan, Ẹlẹ́fẹ̀ kọ ọ́ pé eku ilé àwọn ti tóbi débi pé ológbò ń dọ̀bálẹ̀ kí i láràárọ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ní òun sín, ni ọ̀dà tóun fi kun ilé kan bá fò lọ kun ilé kejì.

Ohun kan ṣoṣo ni kò kọ rí.

Ilé ọlọ́rọ̀ kan ni òun àti ẹ̀gbọ́n ti ń kunlé lọ́jọ́ tí ọ̀ràn ẹ̀wọ̀n náà bẹ̀rẹ̀. Ẹlẹ́fẹ̀ rí aago ọwọ́ onílé lórí fèrèsé, ó fi àkísà wé e, ó tì í sí ìsàlẹ̀ garawa ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n bá a níbẹ̀ tí wọ́n bá délé, kí jìnnìjìnnì mú un, kí wọ́n jọ rẹ́rìn-ín títí, kí wọ́n sì dá a padà lọ́jọ́ kejì. Àfi bí onílé ṣe wá aago rẹ̀ kí wọ́n tó palẹ̀ mọ́. Nígbà tí ọlọ́pàá dojú garawa délẹ̀, ẹnu Ẹlẹ́fẹ̀, ẹnu tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun, dì pa. Ó dì ní àgọ́ ọlọ́pàá, ó dì ní kóòtù. Wọ́n ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Eérú tí Ẹlẹ́fẹ̀ dà, ojú ẹ̀gbọ́n ló lọ. Ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ni adájọ́ dá fún un.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni èsì ẹ̀gbọ́n dé: "Àbúrò mi, ẹ̀rín rẹ ni mo fi ń rí oúnjẹ jẹ níbí. Ṣùgbọ́n mo ti ro ọ̀rọ̀ aago yẹn títí, ó ti ń ṣe mí bíi pé èmi gan-an ni mo gbé e, tí mo kàn gbàgbé. Àbí orí mi ti ń dàrú ni?"

Fún ọjọ́ mẹ́ta, Ẹlẹ́fẹ̀ ń ka èsì náà títí ìwé pàápàá fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kó jẹ́ kóun sinmi. Lọ́jọ́ kẹrin, ó jókòó, ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: fèrèsé, àkísà, garawa, ọwọ́ ara rẹ̀.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, wọ́dà ti nawọ́ kí Ẹlẹ́fẹ̀ tó dé ìdí tábìlì.

"Ẹlẹ́fẹ̀! Eku yẹn ńkọ́? Ṣé ó ti gbéyàwó?"

"Ẹ kà á, ọ̀gá."

Kò tíì kà á dé ìdajì tí ikùn rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Nígbà tó dé ibi garawa, ó lu tábìlì gbàà.

"O ò ní pa mí! Ta ni yóò fi ẹ̀gbọ́n ara rẹ̀ ṣeré dé ẹ̀wọ̀n? Irọ́ yìí ju ti eku lọ!" Ó nu omi ojú, ó gbé òǹtẹ̀.

Ẹlẹ́fẹ̀ rí ọ̀nà àbáyọ, ó fẹ̀ bíi pápá. Kó ṣáà ti rẹ́rìn-ín. Bó bá rẹ́rìn-ín pẹ́nrẹ́n, ẹ̀fẹ̀ ni lẹ́tà náà máa jẹ́ wọlé, òun á sì ti jẹ́wọ́ láìjẹ́wọ́. Ètè rẹ̀ tilẹ̀ ti ń fà. Ló bá rántí: "tí mo kàn gbàgbé."

"Ọ̀gá, kì í ṣe ẹ̀fẹ̀."

"Mo mọ̀ pé ohun tó o máa wí nìyẹn!"

"Ẹ tún un kà. Ẹ wò ó bóyá ẹ máa rí eku níbẹ̀. Ẹ wá ológbò."

Wọ́dà gbójú sókè. Ẹlẹ́fẹ̀ ti gbé ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì, ọ̀dà funfun ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ẹ̀rín wọ́dà rọ díẹ̀díẹ̀ bíi táyà tó ń jò.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ẹ jẹ́ kó wọlé bá a kí ẹ tó mú mi. Kó mọ̀ pé orí òun pé."

Wọ́dà lu òǹtẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé fóònù.