Òkúta Tó Tẹríba

Wọ́n ti so okùn mọ́ òkúta náà, ẹ̀rọ ti ń fà á, nígbà tí obìnrin tó ń walẹ̀ nídìí rẹ̀ na ọwọ́ sókè nínú kòtò.

"Ẹ dúró. Egungun wà níbí."

Awakọ̀ pa ẹ̀rọ. "Ìyá, ṣé ti ẹran ni?"

"Ti ọmọdé ni."

Ọkọ rẹ̀, tí í ṣe ọ̀gá iṣẹ́, wá wò ó. Òun ló kọ ọ́ sínú ìwé pé oòrùn ni àwọn ará àtijọ́ ń bọ láàárín agbo òkúta yìí. Pé ṣánṣán ni wọ́n nà wọ́n ró, ilẹ̀ ló yẹ̀ tí àwọn òkúta náà fi tẹ̀ síwájú. Ó ti fa gbogbo wọn nà ró, ó da kọnkéré sí wọn nídìí. Ó ku ẹyọ kan yìí.

Obìnrin náà gbá iyẹ̀pẹ̀ kúrò. Wọ́n ti fi òkúta wẹ́wẹ́ há ìdí òkúta ńlá náà lẹ́yìn, ó há pinpin. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ tẹ orí rẹ̀ ba ni, kí òjò má baà pa ọmọ tó sùn lábẹ́ rẹ̀.

"Ìyá tó tẹríba bo ọmọ ni wọ́n fi òkúta yìí ṣe," ó ní. "Kì í ṣe oòrùn. A ti ba ìyókù jẹ́."

"Ìyàwó, àlejò ń bọ̀ lọ́la. Òjò wo ló tún fẹ́ pa egungun?"

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sin ọmọ tiwọn. Obìnrin náà nìkan ló di agboòrùn mú lórí ibojì. Ọkọ rẹ̀ wà níbí, ó ń fa òkúta. Nígbà tó délé, ó ní omi ló dànù, agbè ò fọ́. Agbè náà ò pọnmi mọ́.

"Bàbá ọmọ," ó ní. Kò tíì pè é bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú náà. "Mi ò bẹ̀ yín nígbà yẹn. Mo ń bẹ̀ yín lónìí. Ẹ fi ẹyọ kan yìí sílẹ̀."

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀," awakọ̀ ní. "Ẹ̀yìn tèmi náà ti tẹ̀, ẹnì kan ò sì tíì so mí lókùn."

Ọ̀gá wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Fà á."

Obìnrin náà jáde nínú kòtò, ó gbọn erùpẹ̀ kúrò lórúnkún. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbà lọ, kò sì padà.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Gbogbo òkúta dúró ṣánṣán. Àwọn òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi há ìdí èyí tó kẹ́yìn ló ṣẹ́kù, òkìtì kékeré kan lẹ́bàá ọ̀nà.