Ìpele Kẹrin Lẹ́yìn Ilé Ìdáná

Ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, orí ilẹ̀ oníbàárà kan ni Adúmáadán wà, ó ń na okùn láti èèkàn dé èèkàn. Ilẹ̀ náà dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láti ẹ̀yìn ilé dé ojú títì, bí ẹni pé ilé fẹ́ yọ̀ bọ́ sọ́nà. Fóònù dún nínú àpò rẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni.

"Ọkọ mi, ṣé ẹ jókòó?"

"Ìyàwó, ta ní ń jókòó níbi iṣẹ́? Kí ló dé?"

"Igi ńlá ti wó, ọkọ mi. Ẹ̀gbọ́n yín sùn, wọn ò jí."

Okùn bọ́ lọ́wọ́ Adúmáadán. Ẹkún kọ́ ló kọ́kọ́ wá. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí òkúta ló rí, bó ṣe máa ń yí òkúta lẹ́ẹ̀kan, kó tún yí i lẹ́ẹ̀kejì, kó tó gbé e kalẹ̀. Á ní òkúta ń wá ìhà tó máa fi sùn ni. Ẹ̀yìn ìyẹn lomi tó bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti pé ọdún méje tí àwọn méjèèjì ti jọ sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn.

Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tó bá kọ́lé sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí òjò ń gbá erùpẹ̀ rẹ̀ lọ, àwọn ló máa ń pè. Wọ́n á gé ilẹ̀ náà ní ìpele-ìpele bí àtẹ̀gùn, wọ́n á fi ògiri òkúta di ìpele kọ̀ọ̀kan mú, wọ́n á wá gbin òdòdó àti ewébẹ̀ sí i. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́ àbúrò. "Omi lọ̀tá ògiri," ó máa ń wí. "Má bá a jà. Ṣílẹ̀kùn fún un kó máa lọ." Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ihò sílẹ̀ nídìí ògiri, tí wọ́n sì ń da òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́yìn rẹ̀ kí amọ̀ má bàa dí ihò. Bí ògiri bá parí, ẹ̀gbọ́n á da korobá omi kan sórí ìpele, á sọ̀ kalẹ̀, á dúró níwájú ihò. Bí omi ò bá tíì jáde, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan oúnjẹ.

Ògiri àkọ́kọ́ tí Adúmáadán dá mọ ló dá ìjà sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n da omi, omi ò jáde. Ó wojú ọ̀run, òjò ti ṣú. Ló bá gbé dígà, ló bá wó ògiri náà níṣojú onílé.

"Amọ̀ lo dà sẹ́yìn rẹ̀!"

"Òkúta wẹ́wẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ní sùúrù díẹ̀ sí i."

"Èmi lo fẹ́ kọ́ ní sùúrù?"

Òjò bẹ̀rẹ̀, kálukú sá wọlé, kò sẹ́ni tó yẹ ẹ̀yìn ògiri wò. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Adúmáadán kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ dá dúró nílùú mìíràn. Láti ìgbà náà, kò da omi sí ògiri kankan mọ́. Nígbà mìíràn, bó bá ku òun nìkan, á bi ara rẹ̀ pé: àbí amọ̀ ni lóòótọ́?

Nígbà tí wọ́n sìnkú tán, tí èrò sì ti túká, ó rìn lọ sẹ́yìn ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìpele mẹ́ta wà lókè, ògiri wọn fẹ̀yìn ti òkè bí àgbàlagbà tó fẹ̀yìn ti àga. Ṣùgbọ́n níbi tí ìpele kẹrin yẹ kó wà, lẹ́yìn ilé ìdáná gan-an, ilẹ̀ pupa lásán ló wà níbẹ̀. Òjò èṣí ti gbá erùpẹ̀ dé abẹ́ fèrèsé. Àkọ́bí ilé ti ní kí ìyá òun wá máa gbé lọ́dọ̀ òun kí òjò tó padà dé.

"Níbo ni mo fẹ́ lọ?" ni ìyàwó wí. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń fọ abọ́ níwájú òkè yìí. A ti mọwọ́ ara wa."

"Ẹ̀gbọ́n mi tó mọ ògiri fún gbogbo ayé, wọ́n wá fi tiwọn sílẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni wọ́n ń dúró dè."

"Èmi kẹ̀?"

"Lọ́jọ́ kejì tí ẹ lọ, wọ́n padà lọ palẹ̀ ògiri yẹn mọ́. Nígbà tí wọ́n wọlé, wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sórí tábìlì oúnjẹ mi. Mo ní, ṣé ká sè é ni? Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, 'Òkúta wẹ́wẹ́ ni, ìyàwó. Ọmọ yẹn ò purọ́. Omi ń bọ̀ lọ́nà, èmi ni mi ò dúró.'"

Adúmáadán di fèrèsé mú. "Kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi?"

"Ẹ̀yin ńkọ́, ìgbà tí wọ́n ń pè, ṣé ẹ gbé e? Orí kunkun yín, agbo ilé kan náà ló ti wá." Ó nawọ́ sí àpótí ìjókòó kékeré kan tó wà nídìí ògiri kẹta. "Láti ọjọ́ náà, wọn ò wo omi lórí ìdúró mọ́. Wọ́n á gbé ìyẹn síwájú ihò, wọ́n á jókòó. Wọ́n ní ìpele kẹrin, tàbúrò àwọn ni. Bó bá mọ ọ́n tán, àwọn á jókòó tì í."

Ọjọ́ mọ́kànlá ni Adúmáadán fi mọ ọ́n. Ó fi rọ́bà gígùn tí omi wà nínú rẹ̀ wọn ilẹ̀ kó lè tẹ́jú, ó da òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́yìn ògiri títí ó fi pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó ń yí òkúta lẹ́ẹ̀kan, ó ń yí i lẹ́ẹ̀kejì.

"Ọkọ mi," ìyàwó á pariwo látojú fèrèsé, "ìyẹn ò mà fẹ́ sùn!"

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyàwó, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó jí!"

Lọ́jọ́ kejìlá, ojú ọ̀run ṣú. Àkọ́bí pè, ìyá rẹ̀ dá a lóhùn pé, "Mi ò tíì di ẹrù kankan. À ń wo omi ni." Adúmáadán da korobá omi kan sórí ìpele, ó sọ̀ kalẹ̀. Ihò gbẹ. Ó dúró díẹ̀, ihò ṣì gbẹ.

"Ó ń pẹ́ o," ni ìyàwó wí.

Adúmáadán lọ gbé àpótí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá. Ó fọwọ́ nu eruku orí rẹ̀, ó gbé e síwájú ihò àárín, ó jókòó. Atẹ́gùn òjò ń fẹ́. Oúnjẹ ń tutù nínú ilé. Ó pẹ́ kí òkúta abẹ́ ihò tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, kí ẹ̀kán omi kan tó yọjú, tó rọ̀ díẹ̀, tó já sílẹ̀.

"Ó ti dé!" Ìyàwó pàtẹ́wọ́. "Ó ti dé o! Ẹ dìde, ẹ wá jẹun!"

Adúmáadán kò dìde. Ó jókòó síbẹ̀ títí gbogbo omi náà fi ro tán.