Ìkànnì Kẹrin Kò Dún

"Gbé e sún mọ́ fèrèsé dáadáa, Uswat. Kí lo gbọ́?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan, Bàbá."

"Yí i sí ìkànnì kẹfà."

Uswat yí i. Kò pẹ́ tí ohùn ọkùnrin kan fi jáde, ó ń sọ fún awakọ̀ kan pé kó lọ gbé èrò ní Ìkẹjà GRA. Ọ̀rọ̀ náà ń dún ketekete.

"Ó dáa," ni Bàbá wí. "Ẹni tó wà ní GRA, à ń gbọ́ ọ. Àwọn tó wà lódìkejì títì níbí, tí mo lè ju òkúta bá géètì wọn, a ò gbọ́ wọn. Irú àìsàn wo nìyẹn?"

Uswat mọ àìsàn náà dáadáa, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló kó o ràn án.

Sìkánà ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ náà. Rédíò kékeré ni, tó máa ń ṣa ọ̀rọ̀ àwọn tó ń lo wọ́kítọ́kì ládùúgbò. Quadri, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Bàbá bí, ló rà á fún un nígbà tí àtọ̀gbẹ ba ojú Bàbá jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé òjìji ènìyàn ló kù tó ń rí. Quadri ń ṣọ́ géètì kejì ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike, ní iwájú ilé wọn ní Agége. Bí ọ̀gá rẹ̀ bá pè é, á ní, "Géètì Kejì wà níbí. Kò séwu." Bàbá á sì dá a lóhùn láti orí àga rẹ̀ pé, "Ọlọ́hun á ṣọ́ ọ." Quadri kì í gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ìyẹn ò dí Bàbá lọ́wọ́ rí.

Ọjọ́ kọkànlá rèé tí tírélà kan fi ẹ̀yìn rìn wọ géètì kejì, tí awakọ̀ rẹ̀ kò rí Quadri. Bàbá wà ní ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, wọ́n sì sin Quadri kí ilẹ̀ tó ṣú. Làsísì, àbúrò Bàbá, ló pe gbogbo ẹbí jọ. "Ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀gbọ́n mi ò tíì wálẹ̀," ló wí. "Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ túfọ̀ fún wọn. Ẹ ní wọ́n rán Quadri lọ kọ́ṣẹ́ ní Ìbàdàn, ó sì mú ìyàwó rẹ̀ dání." Ilé Làsísì ní Onígbòǹgbò ni wọ́n ti ṣe fídáù ọjọ́ kẹjọ. Ibẹ̀ náà ni Sùlíyá, ìyàwó Quadri, wà tó ń ṣọ̀pó.

Wọn ò ṣe ohun tuntun. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é bí ọmọ bá ṣíwájú òbí. Sìkánà yìí nìkan ni wọn ò rántí, àfi Uswat. Ó mọ̀ pé àwọn ẹ̀ṣọ́ yóò máa dárúkọ ẹ̀gbọ́n òun lórí ìkànnì kẹrin. Ló bá tẹ bọ́tìnì tí a fi ń sọ fún ẹ̀rọ náà pé kó máa fo ìkànnì kan, lẹ́tà kékeré kan sì yọ lójú ẹ̀rọ náà. Ó rò pé bàbá tí kò ríran ò lè mọ̀. Ó gbàgbé pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Bàbá fi tún rédíò ṣe kó tó fẹ̀yìn tì, etí ló sì fi ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà.

"Yọ ántẹ́nà rẹ̀," ni Bàbá wí. "Bí ènìyàn bá pariwo sí ọ létí, o ò ní mọ ohun tó ń sọ. Ó lè jẹ́ pé wọ́n ti sún mọ́ ọn jù."

Uswat yọ ọ́. Kò sí ìyàtọ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ sí Computer Village lọ́la."

"Ta ni kò wá béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi rí nínú àwọn ọ̀gá tó ń tún ẹ̀rọ ṣe níbẹ̀? Wọ́kítọ́kì àtijọ́ tí Quadri fi sílẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀. Gbé e lọ síta, kí o sọ̀rọ̀ sí i. Fóònù ọmọ yẹn ò lọ láti ọjọ́ yìí. Ó kéré tán, màá gbọ́ lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ìgbà tó ń bọ̀."

Uswat bọ́ síta. Lódìkejì títì, wọ́n ń kun géètì kejì ní ọ̀dà tuntun. Ó gbé wọ́kítọ́kì sẹ́nu. "Bàbá," ló rí sọ. "Bàbá, ẹ dárí jì mí."

Ohùn kan fèsì lójú ẹsẹ̀. Emmanuel ni, ẹni tí òun àti Quadri jọ ń ṣiṣẹ́. "Ṣé Uswat nìyẹn? Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Bàbá ńkọ́? Ṣé ẹ ti sọ fún wọn?"

Ó pa á kíákíá, ó padà wọlé.

"O sọ̀rọ̀?" ni Bàbá bi í.

"Mo sọ̀rọ̀, Bàbá."

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Wo ojú ẹ̀rọ náà fún mi. Níbi tí ìkànnì kẹrin wà, ṣé lẹ́tà kékeré kan wà lápá òsì?"

"Kò sí" ti wà lẹ́nu Uswat. Odidi ọjọ́ mọ́kànlá ló ti fi ń purọ́, ó sì ti mọ̀ ọ́n pa. Ṣùgbọ́n ó wo Bàbá tó la àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ lórí orúnkún, bó ṣe máa ń ṣe bó bá ń dúró kí wọ́n fún òun ní irinṣẹ́, àánú rẹ̀ sì ṣe é.

"Ó wà, Bàbá."

"Ẹ̀rọ kì í fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́," ni Bàbá wí. "Ìka ènìyàn ni."

Kò béèrè ìka ta ni. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e lé itan.

"Ṣé wọ́n kírun sí Quadri lára?"

Uswat kúnlẹ̀ gbì. "Wọ́n kírun sí i lára, Bàbá. Èrò pọ̀. Títì kún."

"Ti Ọlọ́hun la jẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ la ó padà sí." Omijé ń wá, Bàbá ò sì nù ún. "Mi ò ní béèrè ibi tí wọ́n sin ín sí. Bàbá kì í wo sàréè ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n pe Làsísì fún mi. Ní kó má tún gbé irọ́ Ìbàdàn wá síbí mọ́. Kó wá jókòó tì mí ni mo fẹ́."

Uswat ń sunkún, kò lè dìde. Bàbá gbọ́wọ́ lé e lórí.

"Wá tẹ bọ́tìnì yẹn," ni Bàbá wí. "Jẹ́ kó máa dún."

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀."

"Tẹ̀ ẹ́."

Ó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà náà pòórá. Kò pẹ́ tí ohùn ọ̀gá àwọn ẹ̀ṣọ́ fi jáde. "Géètì Kejì. Géètì Kejì, ẹ dáhùn."

Ẹlòmíràn ló dáhùn, ohùn tí wọn kò gbọ́ rí nínú ilé náà. "Géètì Kejì wà níbí. Kò séwu."

Uswat nawọ́ láti pa ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n Bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ọlọ́hun á ṣọ́ ọ," ló wí fún ọmọ ọlọ́mọ.