Kọ̀mpírẹ́sọ̀ Abẹ́ Afárá Rélùwéè

Ohun tó kọ́kọ́ mú Àsúmáù fura ni àkókò tí ọmọkùnrin kan tó pè é lórí fóònù dá fún un. Ó ní kó wá gbé ẹrù òun ní aago mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀ Sátidé, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé tó bá dé, kó má fọn fèrè ọkọ̀. Ọdún kẹfà rèé tí Àsúmáù ti fi iṣẹ́ bọ́ọ̀sì wíwà sílẹ̀, tó ń fi píkọ́ọ̀pù tirẹ̀ kó ẹrù káàkiri Peckham ní London. Ó ti kó fìríìjì, ó ti kó àga ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti gbé dùùrù kan rí láti Brixton lọ sí Nunhead. Kò sí oníbàárà tó sọ fún un rí pé kó má fọn fèrè.

"Ẹrù ta ni?" ló bi í lórí fóònù.

"Ẹrù wa ni, Aunty. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ ni. Family business."

Nígbà tó dé ibi tí wọ́n júwe fún un, ọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀bù ló bá lábẹ́ afárá rélùwéè, gbogbo wọn ṣì wà ní títì. Ọmọkùnrin náà dúró síwájú ọ̀kan, ó fa fìlà ẹ̀wù rẹ̀ bo orí. Kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lọ. Yorùbá ẹnu rẹ̀ ń fẹsẹ̀ kọ bíi ti àwọn tí wọ́n bí sí London.

"Good morning, Aunty. Ẹ káàárọ̀, ma."

"Káàárọ̀. Kí lorúkọ rẹ?"

"Roqeeb."

"Roqeeb ta ni?"

"Àjíṣafẹ́." Ó nawọ́ sí pátákó tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé Àjíṣafẹ́ Tyres.

"Èmi náà lè ka ohun tí wọ́n kọ sára pátákó," ni Àsúmáù wí.

Roqeeb yọ láísẹ́ǹsì rẹ̀ jáde, ó fi hàn án. Orúkọ náà bára mu lóòótọ́. Síbẹ̀, ọkàn Àsúmáù kò balẹ̀, torí ọmọ onílé náà lè jí ẹrù ilé gbé. Géètì irin ńlá iwájú ṣọ́ọ̀bù wà ní títì, ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ni ọmọ yìí ṣí.

"Kí ló dé tí o ò ṣí géètì ńlá?"

"Ariwo ẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ̀rọ yẹn máa gba ibí, mo ti wọ̀n ọ́n."

"Ìgbà wo lo wọ̀n ọ́n?"

Roqeeb ti wọlé.

Ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà ni lóòótọ́. Táyà tò dé òrùlé, ẹní ìkírun wà lórí ìṣó, kẹ́tù àti ife tíì kan ṣoṣo wà lórí tábìlì. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ náà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún táyà ní atẹ́gùn, wà ní kọ̀rọ̀, ó pupa, ó gùn tó ènìyàn tó dùbúlẹ̀, mọ́tò rẹ̀ sì wà lápá kan lórí táǹkì. Àsúmáù yọ fóònù rẹ̀. Ó ya àwòrán ẹ̀rọ náà, ó ya láísẹ́ǹsì, ó ya Roqeeb fúnra rẹ̀. Ó fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀, Mìsítúrà, ní Stockwell, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Tó bá di aago méje àbọ̀, pè mí."

"Aunty, kí lẹ ń ya picture fún?"

"Bí mo ṣe ń ṣe nìyẹn."

Wọ́n fi kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù ti ẹ̀rọ náà jáde díẹ̀díẹ̀. Roqeeb ti wá irin pẹlẹbẹ gígùn méjì sílẹ̀ tí wọn yóò fi fà á gun orí ọkọ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù sílẹ̀, ó sì fẹ́ gbé ẹnu àwọn irin náà lé e.

"Yọ ọ́ kúrò níbẹ̀!" Àsúmáù pariwo, ọmọ náà sì fò sókè, ó wo ìparí òpópónà. Lọ́dún tó kọjá, bíríkìlà kan ló gbé ẹrù lé ilẹ̀kùn náà báyìí. Ó tẹ̀, kò ṣe é tì mọ́, okùn ni Àsúmáù fi ń so ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Láti ìgbà náà, tí ẹrù bá ti wúwo, ńṣe ló máa ń yọ ilẹ̀kùn náà kúrò pátápátá, kí irin lè sinmi lórí ilẹ̀ ọkọ̀ gan-an.

"No time, Aunty. Ẹ jẹ́ ká kàn ṣe é báyìí."

"Ta ló ń lé ọ?"

Roqeeb tún wo ìparí òpópónà. Ìgbà yẹn ni Àsúmáù pinnu nínú ara rẹ̀. Kò ní pe ọlọ́pàá, torí ó lè jẹ́ pé òun ló ṣìnà. Kò sì ní bá a sáré. Yóò ṣe iṣẹ́ náà bó ti yẹ kí wọ́n ṣe é, ní ìrọ̀wọ́rọsẹ̀, tó bá sì jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ni ẹ̀rọ náà, ẹni náà á ti dé kí wọ́n tó parí.

Ó tú okùn wáyà apá ọ̀tún, ó tú ti òsì. Ó ní kí Roqeeb di apá kan mú, wọ́n yọ ilẹ̀kùn náà kúrò lára àgbékọ́ rẹ̀, ó sì fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e kó tó fi ti ògiri. Ó wọ inú ọkọ̀, ó fi ẹ̀yìn rìn ín lọ síbi tí ọ̀nà ti ga díẹ̀, kí ẹ̀yìn ọkọ̀ lè sún mọ́lẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀, ó wò ó, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tún padà wọlé. Òógùn ti bo ojú Roqeeb.

Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fà á gùn. Àsúmáù wà lórí ọkọ̀, ó ń fi bẹ́líìtì fà á. Roqeeb wà nísàlẹ̀, ó ń fi èjìká tì í. Ẹ̀rọ náà ti dé ìdajì nígbà tí bàbá arúgbó kan yọ ní kọ̀rọ̀, ó wọ jàlámíà funfun, ó mú búrẹ́dì dání nínú ọ̀rá. Ó dúró, ó ń wò wọ́n.

"Roqeeb," ni bàbá náà wí. "Kí lò ń fi ẹ̀rọ mi ṣe?"

Roqeeb kò lè yíjú, gbogbo ìwúwo wà lára rẹ̀. Àsúmáù mọ̀ pé ohun tí òun ń retí ló dé yìí. Bàbá náà ṣí ẹnu láti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n irin ọwọ́ òsì yẹ̀ díẹ̀, ẹ̀rọ náà sì tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ má fà á mọ́!" Bàbá sọ búrẹ́dì nù, ó gbá igi mú, ó ki í sábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà. "Ta ló ní kẹ́ ẹ fi ibi fúyẹ́ ṣíwájú? Apá mọ́tò ló yẹ kó kọ́kọ́ gùn. Ẹ dì í mú bẹ́ẹ̀. Roqeeb, ṣé o tú atẹ́gùn inú ẹ̀?"

"Mo tú u, Daddy."

"Omi ńkọ́?"

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ṣí ẹnu tí omi tó bá kó sínú ẹ̀rọ fi ń jáde lábẹ́ táǹkì. Àsúmáù sọ̀kalẹ̀, ó fi iná fóònù ràn án lọ́wọ́, ó sì rí i. Ìdípẹtà ti jẹ abẹ́ táǹkì náà. Ẹnìkan ti fi nǹkan bí ẹ̀kọ́ dí ojú ihò, ó sì kun ọ̀dà pupa tuntun lé e.

"Bàbá, ẹ má bínú o. Kí nìyí?"

Bàbá nawọ́ bo ojú ibẹ̀.

"Tell her, Daddy," ni Roqeeb wí. "Ìnsípẹ́kítọ̀ tó ń yẹ ẹ̀rọ wò ti ní kí wọ́n má lò ó mọ́ látoṣù kẹta. Ó lẹ ìwé mọ́ ọn, Daddy ya ìwé yẹn. Tí táǹkì yìí bá bú lójú iṣẹ́, ó máa pa wọ́n. Mo ti sọ ọ́ títí. Every time, wọ́n á ní àwọn ti gbọ́."

"Irọ́ ni! Ó fẹ́ tà á ni. Ta lo fẹ́ tà á fún?"

"Nobody! Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ra irin àlòkù ni mò ń gbé e lọ."

Fóònù Àsúmáù dún. Mìsítúrà ni. "Mo wà láàyè," ni Àsúmáù sọ fún un, "ìjà bàbá àti ọmọ ni mo bọ́ sí." Ó pa fóònù, ó fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sínú àpò.

"Ọkọ̀ mi ò kúrò níbí àfi tí ẹ̀yin méjèèjì bá fẹnu kò. Bàbá, ta ló kun ọ̀dà yẹn?"

"Èmi ni." Bàbá jókòó lórí táyà kan. "Mo mọ̀ pé kò dáa. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ yìí bá ti lọ, àwọn ará ilé ò ní jẹ́ kí n ra òmíràn. Wọ́n á ní kí n ti ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n á ní kí n lọ jókòó sílé ní Nunhead, kí n máa wo fèrèsé."

Àsúmáù wo Roqeeb. "Ṣé bẹ́ẹ̀ lo fẹ́ ṣe?"

Ọmọ náà wolẹ̀. "I thought about it. Mo rò ó, bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé ẹ ti gbọ́?" ni bàbá wí. Kò bínú mọ́. Ó jọ pé ara tù ú pé òun kò fura lásán.

Wọ́n sọ ẹ̀rọ náà kalẹ̀, wọ́n yí i padà, wọ́n sì tún gbé e. Bàbá ló darí wọn lọ́tẹ̀ yìí, kò sì sí ohun tó yẹ̀. Àsúmáù dì í ní bẹ́líìtì mẹ́rin, ó sì so ilẹ̀kùn ẹ̀yìn padà láìkánjú. Ọ̀gbẹ́ni Àjíṣafẹ́ kò gbà kí wọ́n lọ láìsí òun, ó jókòó sáàárín àwọn méjèèjì níwájú.

Níbi tí wọ́n ti ń ra irin àlòkù, bàbá yarí. Kò jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀rọ náà lọ sẹ́yìn.

"Wọ́n máa kun ọ̀dà mìíràn sí i, wọ́n á tà á," ló ń wí. "Mo mọ ohun tí ọ̀dà lè ṣe. Ẹ lu ihò sí i lójú mi."

Òyìnbó tó wà níbẹ̀ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, nígbà tó rí i pé bàbá ò rẹ́rìn-ín, ó lọ gbé iná ìgérin wá. Bàbá dúró títí wọ́n fi gé ihò tó tó orí ènìyàn sínú táǹkì náà.

Nínú ọkọ̀, Roqeeb ní, "Daddy, kọ̀mpírẹ́sọ̀ kékeré kan wà tí kò wúwo. Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

Bàbá yíjú sí Àsúmáù. "Ṣé ẹ gbọ́ ohun tó sọ?"

"Mo gbọ́, Bàbá."

"Ó dáa. Ẹ fún mi ní nọ́ńbà yín. Tó bá di Mọ́ńdè tó bá ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ni mo máa pè."