Ẹni Tí Kò Bá Jẹ Kì Í Bì

Àwọn aládùúgbò kì í pe obìnrin alágbàfọ̀ náà ní orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Onímú ni wọ́n ń pè é, kò sì bínú sí i, nítorí imú yẹn ló fi ń jẹun. Kí aṣọ kankan tó kan omi ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, yóò kọ́kọ́ gbé e sún mọ́ imú, yóò dijú, yóò sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Èyí, epo ọkọ̀ ló dà sí i. Èyí, ọmọ ọwọ́ ló pọ wàrà sí i léjìká. Èyí, olówó rẹ̀ fi nu ọwọ́ lẹ́yìn tó jẹ ẹja tán, ó wá ń purọ́ pé omi òjò ni. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ti jogún imú náà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fún un láti fi jẹun náà ni kì í jẹ́ kó lè jẹun nílé ẹlòmíì. Bó bá wọ ilé onílé, òórùn àkísà tí wọ́n fi nu tábìlì nìkan ti tó láti dí i lọ́fun. Á tutọ́, á yínmú, á ní òun ti yó. Ó ti bẹ Ọlọ́run títí kó gba ìríra yìí lọ́wọ́ òun. Ọlọ́run kò tíì dáhùn.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan, bí ilé ìwé ṣe ń palẹ̀ mọ́ fún ọlidé, ìyá rẹ̀ pè é lórí fóònù láti ìlú òkè tó ń gbé. Oníṣègùn ojú ti sọ fún arúgbó náà pé ìríran rẹ̀ ń lọ, pé bí òjò bá fi máa bẹ̀rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òkùnkùn nìkan ni yóò kù.

"Mú ọmọ yẹn wá," ni arúgbó wí. "Ìgbà tí mo rí i kẹ́yìn, kò tíì hu eyín. Ojoojúmọ́ ni mò ń dárúkọ rẹ̀ níwájú Ọlọ́run, n kò sì mọ ojú ẹni tí mò ń gbàdúrà fún. Mú un wá kí ilẹ̀ tó ṣú mọ́ mi."

Ọmọ náà ni Péńpé, ọmọ kan ṣoṣo tí ọkọ Onímú fi sílẹ̀ fún un kó tó sùn nínú Olúwa. Ó ti wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ́rẹ́ lọ. Ohun tí kò jẹ́ kí ó tíì dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà láti ọjọ́ yìí kò ju ọ̀rọ̀ ọkọ̀ èrò lọ. Onímú ti gbé e wọ ọkọ̀ èrò lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí wọ́n ń lọ síbi ìgbéyàwó ìbátan wọn. Wọ́n ra ẹran díndín lẹ́bàá ọ̀nà. Kò pẹ́ tí Péńpé fi bì sára, ó bì sí ìyá rẹ̀ láyà, ó sì bì sínú fìlà tí ọkùnrin kan gbé lé orúnkún. Ọkùnrin náà wo inú fìlà, ó wo ọmọ, ó ní, "Ṣé èmi náà ni mo bí ọ ni?" Gbogbo èrò ọkọ̀ di imú mú. Obìnrin kan ní kí awakọ̀ já tìyátọmọ sílẹ̀ sínú igbó. Òórùn ẹran kíkan yẹn kò tíì kúrò nímú Onímú. Bó bá ti rántí rẹ̀, itọ́ á kún un lẹ́nu.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló lọ bá. Oníṣẹ́ páìpù ni: òun ló máa ń tú ọ̀nà omi tó bá dí, láti ibi ìfọwọ́ títí dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Dádì Páìpù ni Péńpé ń pè é, gbogbo ilé sì ti gbà á bẹ́ẹ̀. Ó ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àtijọ́ kan. Ó ní òun á gbé e wá ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìrìn-àjò, kí ẹ̀gbọ́n òun lè fi ọwọ́ kọ́ ọ díẹ̀, nítorí ó ti pẹ́ tí Onímú ti wakọ̀ kẹ́yìn.

Láti ọjọ́ náà, bí Onímú bá ti dúró ti àyọ́ọ̀nù, ìrìn-àjò yìí ni yóò máa tò, Péńpé á sì jókòó sórí àpótí, á máa yẹ̀ ẹ́ wò bí adájọ́.

"A ó gbéra kí oòrùn tó mú. A kò ní wọ ilé ìtọ̀ kankan lójú ọ̀nà. Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀."

"Bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n mí ńkọ́?"

"Póò rẹ wà. Ó ní ìdérí."

"Tiyín ńkọ́, Mọ́mì?"

"Màá mú un mọ́ra."

"Oúnjẹ ńkọ́?"

"Kò sí oúnjẹ. Bí a bá ti jẹ díẹ̀ láàárọ̀, ó di ọ̀dọ̀ Màmá Àgbà. Ẹni tí kò bá jẹ kì í bì."

Péńpé ronú sí i. "Mọ́mì, ṣebí ẹ ní bí ebi bá ń pa yín, orí máa ń fọ́ yín, ẹ ó wá máa rí nǹkan ní méjì-méjì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ̀yin náà lẹ sì máa wakọ̀?"

"Èmi ni. Lọ fọ ẹsẹ̀ rẹ."

Péńpé lọ fọ ẹsẹ̀. Ọmọ tó ń bèèrè ọ̀rọ̀ tó wá dákẹ́ lójijì, ó yẹ kí ìyá rẹ̀ fojú sí i lára. Ṣùgbọ́n kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì kan wà lábẹ́ àyọ́ọ̀nù, ibẹ̀ ni ojú Onímú wà.

Nígbà tí àbúrò rẹ̀ gbé ọkọ̀ dé, kó tó sọ̀ kalẹ̀, Onímú ti ki orí bọ ojú fèrèsé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ilé o. Ṣé ọkọ̀ lẹ̀ ń kí ni, àbí èmi?"

"Kí lo máa ń gbé nínú rẹ̀?"

"Páìpù, irin iṣẹ́, àti ara mi. Mo ti fọ̀ ọ́. Ẹ wò ó bó ṣe ń dán bí orí alàgbà wa."

"Irin tó ti wọ inú ìgbẹ́ gbogbo àdúgbò."

Àbúrò fi ẹ̀rín gbé e mì. Ó na kọ́kọ́rọ́ sí i. Onímú fi etí aṣọ rẹ̀ gbà á.

Ó tún ọkọ̀ náà fọ̀. Ó fi ọṣẹ fọ ibi tí ọṣẹ kò dé rí, ó fi búrọ́ọ̀ṣì eyín họ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó sì gbé ọkọ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù, nínú oòrùn, kó gbẹ. Péńpé ti gba ọlidé báyìí, ló bá sọ ẹ̀yìn ọkọ̀ di ilé. Ibẹ̀ ló ti ń ṣeré, tó ń wa ọkọ̀ tí kò rìn lọ sọ́dọ̀ Màmá Àgbà, tó ń kọ orin ìsìn láti ẹsẹ kìíní dé ìkẹyìn. Ìyá rẹ̀ ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú ilé, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, òórùn bẹ̀rẹ̀.

Ó kọ́kọ́ rọra wá, bí ti àkísà tí wọ́n gbàgbé sínú omi. Onímú ká ẹní ẹsẹ̀ ọkọ̀, ó sá a. Lọ́jọ́ kejì ó kan, ó wá ní adùn burúkú kan nínú, irú èyí tó máa ń mú kí ènìyàn fẹ́ fi ọwọ́ nu ahọ́n ara rẹ̀. Ó tún fọ ọkọ̀. Oòrùn ràn sí i, òórùn náà nípọn, ó lẹ̀ mọ́ ọ̀fun. Bó bá ṣí ilẹ̀kùn, á jáde pàdé rẹ̀ bí ẹni tó ti ń retí rẹ̀. Eṣinṣin aláwọ̀ ewé dé. Àwọn oníbàárà ń yà fún ọkọ̀ náà bí wọ́n bá ń wọlé. Ọ̀kan ní, "Onímú, òkú ta lẹ gbé pamọ́ síbí?" Onímú kò rẹ́rìn-ín. Oúnjẹ kò wọ ọ̀fun rẹ̀ mọ́.

Ẹnikẹ́ni ì bá bi í pé, ìwọ tó o mọ ẹja lára aṣọ, kí ló dé tí o kò mọ ohun tó ń rùn nínú ọkọ̀? Imú tó bá ti dájọ́ tán kì í gbóòórùn mọ́. Látìgbà tó ti fi etí aṣọ gba kọ́kọ́rọ́ ló ti mọ ẹni tó jẹ̀bi.

Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n gbéra, ó ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ̀. Ọkùnrin kan tó wá gba ṣòkòtò rẹ̀ jókòó níbẹ̀, ṣùgbọ́n Onímú kò tiẹ̀ rí i.

"Gbọ́ òórùn yẹn."

"Mo ń gbọ́ ọ, Ẹ̀gbọ́n mi. Ó burú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe tèmi."

"Ta ló ń ti ọwọ́ bọ ṣáláńgá nínú ìdílé wa, èmi ni àbí ìwọ?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra."

"Kí n gbé ọmọ mi sínú ihò ìgbẹ́ lọ bá ìyá wa? Ìwọ gan-an ń rùn! Mo kàn ń fara dà á ni. Bó o bá jókòó sórí àga mi, o ò ní tíì dé ìta tí màá ti ká aṣọ orí rẹ̀, màá fọ̀ ọ́."

Ọkùnrin oníṣòkòtò bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìdí ṣòkòtò rẹ̀ wò.

"Mo mọ̀," ni àbúrò wí. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Bí mo bá ń padà kọjá, mo máa ń rí i lórí okùn. Mo wá ń sọ fún ara mi pé ìmọ́tótó ló wu ẹ̀gbọ́n mi." Ó tẹ́ ọwọ́. "Ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́ mi. Ẹ wá ọkọ̀ tó ń ta sánsán gbé lọ."

Ọ̀rọ̀ ti bọ́, ó ti fọ́. Onímú mọ̀ pé kò sí ọkọ̀ mìíràn. Lọ́kàn rẹ̀, ó rí ìyá rẹ̀ tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, tí ìmọ́lẹ̀ ń fi ojú rẹ̀ sílẹ̀. Ó fẹ́ bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n ìríra ti kún un lẹ́nu, kò sì fẹ́ la ẹnu kí òórùn yẹn wọ ibẹ̀. Ó ju kọ́kọ́rọ́ sí i lọ́wọ́.

Àbúrò wọ ọkọ̀, ó ṣíná sí i. Ìgbà náà ni Péńpé já jáde láti inú yàrá, tòun ti bàtà ẹsẹ̀ kan.

"Dádì Páìpù! Ẹ má gbé e lọ! Oúnjẹ Mọ́mì wà nínú ẹ̀!"

Ọkọ̀ dákẹ́.

"Oúnjẹ wo?" ni ìyá rẹ̀ bèèrè.

"Ti ìrìn-àjò. Mo ti ń kó o jọ. Kí orí má baà fọ́ yín."

Àbúrò bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó mú sípánà, ó tú ìjókòó ẹ̀yìn, ó gbé e sókè. Eṣinṣin gbéra wìì. Lábẹ́ ibẹ̀, níbi tí ọwọ́ ọmọdé nìkan lè gbà wọ̀, nínú àwọn aṣọ ìnujú tí Onímú ti lọ tó gún régé, tí àwọn oníbàárà kò wá gbà, ni ẹrù náà wà, òmíràn ti jẹrà mọ́ irin: ẹyin sísè tó ti di omi dúdú, ẹja tí kò ní ojú mọ́, búrẹ́dì tí wọ́n rì sínú wàrà tó wá hu irun. Ìdin ń hó lórí rẹ̀ bí ìrẹsì lórí iná.

"Èyí tí mo ta ní kókó méjì ni ti Mọ́mì," ni Péńpé wí, ó ń nàka. "Èyí ni tèmi. Èyí tó tóbi yẹn, ti Màmá Àgbà ni, torí wọn ò ríran dáadáa, ọwọ́ ni wọ́n máa fi wá a."

Ìdin kan bọ́ lára ti Màmá Àgbà, ó ń rá lọ.

Onímú yí ojú, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Ó bì. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju omi òróǹro lọ, ó da gbogbo rẹ̀ sórí bàtà àbúrò rẹ̀. Ọkùnrin oníṣòkòtò fi ṣòkòtò di imú, ó sá sẹ́yìn.

"Mọ́mì," ni Péńpé wí, ẹnu yà á, "ẹ ò mà tíì jẹun láti àárọ̀. Ṣebí ẹ ní ẹni tí kò bá jẹ kì í bì?"

Àbúrò nìkan ni kò sún sẹ́yìn. Ó fa àkísà iṣẹ́ rẹ̀ yọ láti àpò ẹ̀yìn, àkísà dúdú tó ti mọ inú páìpù gbogbo ilé, ó gbá orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, ó sì nu ẹnu rẹ̀. Onímú gbóòórùn àkísà náà: ọṣẹ, ìpẹtà, àti ohun kan tí kò fẹ́ mọ orúkọ rẹ̀. Kò gbé ojú kúrò.

"Àbúrò mi," ló wí, "dárí jì mí."

"Ẹ dìde. Òótọ́ ni pé mò ń rùn. Ẹ̀yin náà sì ń rùn báyìí. Ẹ jẹ́ ká palẹ̀ nǹkan yìí mọ́."

Wọ́n jọ palẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹ má ṣe rò pé ìríra ti kúrò lára Onímú o. Ẹ̀kúnwọ́ kọ̀ọ̀kan tó bù, bẹ́ẹ̀ ló ń tutọ́. Ṣùgbọ́n ó ń bù ú. Oògùn tí àbúrò fi ń fọ páìpù, tí Onímú máa ń ní kò gbọdọ̀ wọ ilé òun, òun náà ni wọ́n dà sí ìdí ìjókòó. Títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́, òórùn náà ti rẹlẹ̀, àmọ́ kò lọ tán.

Àbúrò na kọ́kọ́rọ́ sí Onímú, ìyá àti ọmọ gbàdúrà, wọ́n sì gbéra báyẹn. Nígbà tí oòrùn dé àárín orí, Onímú yà sábẹ́ igi kan, ó ṣí abọ́, ó bó ẹyin fún Péńpé, ó sì bó ti ara rẹ̀. Kò ju díẹ̀ lọ lẹ́yìn náà tó tún yà síbi ilé ìtọ̀ kan lójú ọ̀nà. Ó wọlé pẹ̀lú imú dídì, ó jáde pẹ̀lú omi lójú. Péńpé kò bì.

Nígbà tí wọ́n dé, arúgbó ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbá ojú Péńpé mú láàárín ọwọ́ méjèèjì, ó fà á mọ́ tòsí títí èémí wọn fi pàdé, ó sì yí i síbi ìmọ́lẹ̀, síhìn-ín, sọ́hùn-ún.

"Mo rí ọ," ló wí. "Olúwa, mo dúpẹ́, mo rí i. Imú yìí, tèmi ni." Lẹ́yìn náà ló gbé orí sókè, ó fín afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì yínmú gẹ́lẹ́ bí ọmọ rẹ̀. "Ojú ló ń ṣú o, imú ò ṣú. Kí ló ń rùn báyìí? Ọkọ̀ àbúrò rẹ ni, àbí? Iṣẹ́ páìpù yẹn!"

"Rárá o, Màmá," ni Onímú wí, ó sì gbé ẹrù wọlé. "Òun kọ́. Èmi àti ọmọ yìí la ń rùn."