Ọjọ́ Tí Wọ́n Ṣí Ibojì Zeferino

Ní abúlé wa ní Goa, létí òkun ilẹ̀ Íńdíà, òkú kì í ni ibojì títí láé. Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì kéré, àwọn tó ń kú sì pọ̀. Bí ọdún mẹ́ta bá pé, wọ́n á hú egungun ẹni tó wà níbẹ̀, wọ́n á dà á sínú kànga egungun lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ ti gbogbo ará ìlú. Ermelinda aládùúgbò wa ni wọ́n fẹ́ sin lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Zeferino ọkọ mi, tí ọdún mẹ́ta rẹ̀ ti pé, ni yóò dìde fún un.

Mi ò sunkún nígbà tó kú, mi ò sì tíì sun ún. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù kò ju èyí lọ: bí wọ́n bá dà á sí kànga láìjẹ́ pé mo mọ nǹkan kan lára, mi ò ní mọ̀ mọ́ bóyá mo fẹ́ràn rẹ̀ rí.

Agnelo agbẹ́lẹ̀ ní ká jókòó sínú ṣọ́ọ̀ṣì títí òun yóò fi pè wá. Espiciosa, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ti ń sunkún kó tó jókòó.

"Ìyàwó, ojú ẹ gbẹ bí ẹja tí wọ́n sá sóòrùn."

"Ẹ má bínú, àǹtí mi. Ẹ bá mi sun tèmi mọ́ tiyín."

"Ẹ gbọ́ ẹnu ẹ̀ o!"

Mo gbójú sókè. Ìkarahun òkun tí wọ́n fá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ṣe ojú fèrèsé ibẹ̀ dípò gíláàsì. Oòrùn tó bá gba ibẹ̀ wọlé á rọ̀, á funfun bí omi àgbọn. Pẹpẹ ńlá náà, igi gbígbẹ́ tí wọ́n fi wúrà bò ni, láti ilẹ̀ dé àjà: àjàrà, ẹyẹ, áńgẹ́lì tó sanra. Káfíńtà ni Zeferino. Bí ìwàásù bá gùn, á gún mi ní ìgbúnwọ́. "Wo irunmú áńgẹ́lì yẹn. Àwọn tó gbẹ́ ẹ ò rí áńgẹ́lì rí, apẹja ni wọ́n wò. Wo ibi tí wọ́n ti so igi méjì pọ̀. O ò rí i, àbí? Iṣẹ́ nìyẹn!" Mo wo gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo mọ̀ pé ó rẹwà, bí ẹni tí ibà ń ṣe ṣe ń mọ̀ pé iyọ̀ wà nínú ọbẹ̀. Kò dé inú mi.

Agnelo pè wá. Ó ti mu ọtí kajú tí a gbé fún un, inú sì ń bí i.

"Ìyá, ta ló wọ kóòtù náílọ́nù fún baálé yín? Aṣọ òwú là ń wọ̀ fún òkú! Ilẹ̀ kì í jẹ náílọ́nù!"

"Èmi ni. Mo fẹ́ kó gbayì ni."

Kóòtù náà wà níbẹ̀ lódindi, bọ́tìnnì rẹ̀ pé. Ẹni tó wọ̀ ọ́ ni kò sí. Espiciosa figbe ta, ó sá padà sínú ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ni mo tẹ́ aṣọ funfun sórí apá, Agnelo ń fi ọ̀bẹ ya kóòtù, ó ń kó egungun lé e. Kò pẹ́ tó fi tán. Ọkùnrin tí mo ń gbé lọ wẹ̀ nígbà àìsàn, tí ẹ̀yìn mi fẹ́ẹ̀ kán, kò wúwo ju agbọ̀n ìrẹsì kékeré lọ.

"Ṣé gbogbo ẹ̀ nìyí?"

Agnelo fò sókè. "Ìyá! Ṣé ẹ fẹ́ pè mí lólè ni? Mo fi Màríà Mímọ́ búra, mi ò fi ìka kan sílẹ̀!"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ṣáà tún un wò."

Ó kùn, ó mú asẹ́, ó sẹ́ yẹ̀pẹ̀. Kò rí nǹkan kan. Mo ní kó tún un sẹ́. Mo mọ̀ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì ti ń dún fún Ermelinda, àwọn èèyàn rẹ̀ ti ń gbé pósí bọ̀. Mi ò fẹ́ gbé Zeferino kalẹ̀.

"Tún un sẹ́, Agnelo," mo ní. "Jọ̀ọ́, tún un sẹ́."